Bí Mo Ṣe Lúwẹ̀ẹ́ Lọ Ka Alángbá ní Tinetto

Ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹfà ọdún 1995, ní aago márùn-ún ku ogún ìṣẹ́jú láàárọ̀, mo ti ilẹ̀kùn yàrá mi ní Turin, mo gba ibùdó ọkọ̀ ojú irin lọ. Alángbá ni mo ń lọ wò.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Dókítà Elena, tó ń ṣèwádìí lórí àwọn ẹran afàyàfà, ń wá ẹni tí yóò bá a ka alángbá ní Tinetto, erékùṣù kékeré kan nínú òkun Ítálì, fún oṣù mẹ́ta. Ẹ̀kọ́ nípa ẹranko ni mo fi gboyè nílé, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ọ́fíìsì ni mo ń nù níbí, láìní ìwé iṣẹ́. Permesso di soggiorno mi, ìwé tó fún àlejò láṣẹ láti gbé ìlú yìí, yóò parí ní oṣù kẹsàn-án. Láìsí ìwé iṣẹ́, wọn kò ní tún un ṣe.

Dókítà ti bi mí lórí fóònù bóyá mo mọ odò wẹ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni mí. Òótọ́ ni, àmọ́ kì í ṣe odindi òótọ́. Orí wa máa ń wà lókè ni bí a bá ń lúwẹ̀ẹ́ nínú ọ̀sà. Ìyá mi kì í fẹ́ kí a ki ojú bọ omi. Mi ò la ojú lábẹ́ omi rí.

Ẹ̀gbọ́n Múfú, ará àdúgbò wa nílé, ń ṣiṣẹ́ nílé ìkẹ́rùsí kan ní Alessandria. Ibẹ̀ ni mo ti sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí kan, tí wọ́n sì fi ọkọ̀ wọn gbé mi.

"Bọ̀sẹ̀, ṣé alángbá tí à ń sọ lókò kúrò lórí èlùbọ́ tí màámi sá náà ni?"

"Ìbátan wọn ni, ẹ̀gbọ́n."

"Wọ́n á wá sanwó fún ọ kí o máa kà á? Bí wọ́n bá ń wá ẹni tí yóò ka eṣinṣin, má gbàgbé mi o!"

"Eṣinṣin kì í dúró kẹ̀."

"Alángbá wo ló ń dúró? Ṣé o ti sọ fún wọn pé o kì í ki ojú bọ omi?"

Mo yíjú sí fèrèsé.

"Lọ sọ ọ́. Omi ò mọ ọmọ Ẹ̀pẹ́."

Lẹ́yìn Genoa, a ń wọ inú ihò òkè kan bọ́ sí òmíràn: òkùnkùn, òkun, òkùnkùn. Mi ò rí kòtò kan lójú ọ̀nà náà. Ní Portovenere, èbúté tí a ti fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi, mo fi ẹgbẹ̀rún méjì lire ra focaccia, búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí wọ́n fi òróró àti iyọ̀ sí. Ó dùn, ata nìkan ni kò sí níbẹ̀.

Mo sọ òótọ́ tó kù fún Dókítà létí ọkọ̀ ojú omi. Kò bínú. "Ìgbì kò ní jẹ́ kí ọkọ̀ sún mọ́ àpáta," ló wí. "A ó lúwẹ̀ẹ́ débẹ̀ ni, òkúta mímú sì wà lábẹ́ omi. Ẹni tí kò bá wo ìsàlẹ̀ á fara gbọgbẹ́. Bí o kò bá lè ṣe é, inú ọkọ̀ lo máa wà, màá sì wá ẹlòmíràn."

Nígbà tí a dé iwájú Tinetto, ó fún mi ní maschera, ìbòjú onígíláàsì, àti ọ̀pá oníhò tí a fi ń mí. Mo di etí ọkọ̀ mú, mo ki ojú bọ omi, mo gbé omi iyọ̀ mì, mo húkọ́.

"Má mu ún tán o, signorina!" Baba Beppe tó ń wa ọkọ̀ ló pariwo; ọmọge ni signorina lédè wọn. "Àwọn ẹja ṣì nílò rẹ̀."

Mo tún un ṣe. Mo ka èémí mẹ́wàá kí n tó la ojú. Mo rí ẹsẹ̀ ara mi kedere. Mo rí ẹja abilà, mo rí àwọn ohun dúdú ẹlẹ́gùn-ún bí ọmọ òòrẹ̀. Òfin ìyá mi kò burú: omi ọ̀sà wa dúdú, ojú kò lè ríran nínú rẹ̀. Omi yìí ni kò rí bẹ́ẹ̀. Mo jọ̀wọ́ ọkọ̀, mo ń wo ìsàlẹ̀, mo lúwẹ̀ẹ́ títí ọwọ́ mi fi kan àpáta.

Alángbá mẹ́tàlélógún ni mo kà. Kò sí èyí tó mi orí bíi tilé.

"Gbogbo wọn ló dúdú ju àwọn alángbá tí a rí ní èbúté lọ, àbí?" Dókítà bi mí.

"Mẹ́rìnlá ni mo lè jẹ́rìí sí. Mẹ́sàn-án tó kù kò yàtọ̀ lójú mi."

Ó wò mí, ó sì kọ mẹ́rìnlá sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Múfú dá mi padà sí Alessandria. "Ṣé wọ́n gbà ọ́?"

"Mi ò tíì lè sọ, ẹ̀gbọ́n. Ọ́fíìsì Dókítà ló ń fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́."

Aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo ṣí ilẹ̀kùn mi ní Turin, ilẹ̀ kò tíì ṣú tán. Mi ò mọ ohun tí ọ́fíìsì yóò sọ. Ohun tí mo fojú ara mi rí ni pé nínú ìwé Dókítà, lábẹ́ àkọlé ọkọ̀ Sátidé tó ń bọ̀, orúkọ mẹ́ta ló wà níbẹ̀: Beppe, Elena, Bọ̀sẹ̀. Bírò ló fi kọ ọ́, kì í ṣe pẹ́ńsùlù.