Ìkíni Tí Mo Gé Kúrò

Èmi ni mo gé ìkíni Bàbá kúrò. Ẹ jẹ́ kí n ti sọ ìyẹn ná kí n tó máa ṣàròyé.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni Bàbá yìí. Àdúgbò Sokoura níbí, nílẹ̀ àwọn tó ń sọ Faransé, ló darúgbó sí, ṣùgbọ́n erékùṣù kan láàárín òkun, tí àwọn ará wa pọ̀ sí, ló ti tajà nígbà èwe rẹ̀. Níbẹ̀, àwọn ọmọdé ń fi pákó ọkọ̀ tó fọ́ gun ìgbì kí òyìnbó kankan tó gbé pákó dídán dé. Àwọn ará ibẹ̀ wá fẹ́ kọ orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ gun ìgbì sára ògiri ilé ìwé wọn. Wọ́n ní kí Bàbá gba ohùn rẹ̀ sórí fóónù, kó fi ránṣẹ́.

Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í kí wọn. Ó kí ilé apẹja, ó kí ilé agbẹ́kọ̀, ó kí òkú, ó kí alààyè. Ó béèrè ẹsẹ̀ ẹnì kan tó ń dùn ún láti ayé ọjọ́un.

"Bàbá, c'est bon, ó ti tó. Ẹ sọ ti ìgbì."

"Kí ni mo ń sọ láti àárọ̀? Ṣé bí ẹ ṣe ń já wọ ilé onílé láì kí wọn ní kọ́lẹ́ẹ̀jì yín nìyẹn?"

Kọ́lẹ́ẹ̀jì tí mi ò parí.

Fóónù ti gbóná, oníbàárà sì ń dúró dè mí ní àdúgbò Kennedy. Mo gé ìkíni dànù, mo fi ibi tó ti sọ̀rọ̀ ọmọkùnrin apẹja kan tó gun ìgbì ránṣẹ́, mo pa ìyókù rẹ́.

Orúkọ ọmọkùnrin yẹn ni wọ́n kọ. Bàbá wo fọ́tò ògiri tí wọ́n fi ránṣẹ́ títí.

"Ọmọbìnrin ẹlẹ́ja yíyan dà?"

"Ta nìyẹn?"

"Mo kí i. Mo ní, 'Ìwọ tí o kọ́kọ́ nàró lórí ìgbì, tí àwa ọkùnrin ṣì ń fàyà lé pákó, o kú ewu ọjọ́un.' Òun ló kọ́ ọmọ apẹja."

"Kí ló dé tí ẹ ò fi í sínú ìtàn?"

"Ta ló ń ròyìn àgbàlagbà láì kí i?"

Ọ̀rọ̀ yìí sú mi. Ṣùgbọ́n mo mọ àwọn àgbà wa, inú ìkíni ni wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ sí. Ìyá mi náà, àárín "ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta" ló ti máa ń sọ pé ẹnì kan kú.

Mo ṣàlàyé fún àwọn ará erékùṣù. Wọ́n ní ẹnu Bàbá làwọn fẹ́ ti gbọ́ ọ. Bàbá kọ̀.

"Mo ti kí i. Ìwọ lo gbà á lẹ́nu mi. Lọ kí i fúnra rẹ."

Ìyá tó kọ́kọ́ nàró lórí ìgbì yẹn ṣì wà láyé, ẹ̀gbẹ́ ilé ìwé yẹn ló ń gbé. Mi ò rí òkun rí. Mo ṣì jẹ ẹ́ ní ìkíni.