Ọwọ́ Òsì Bàbá Mi

Títí di òní, bí òórùn àdín bá kọlu imú mi níbikíbi, inú á kọ́kọ́ bí mi kí n tó rántí ohun tó fà á. Yàrá ìgbàlejò bàbá mi ní ìlú Oǹdó ló fà á. Lẹ́yìn tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú un lápá òsì, àdín ni àbúrò rẹ̀ obìnrin fi ń ra ọwọ́ náà láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, tí òórùn rẹ̀ á dà pọ̀ mọ́ ti kòkó tí wọ́n sá sójúde. Bàbá mi á na ọwọ́ sílẹ̀ fún un, á dijú bí ọmọ ìkókó tí wọ́n ń wẹ̀. Gbogbo ilé gbà pé ìtọ́jú nìyẹn. Mo ní ìyẹn nìkan kò tó, wọ́n ní ìwé ni mo kà jù.

Àwọn ọdún yẹn le, ẹ̀yin náà ṣáà rántí. Akọ̀wé ìjọba ni mí ní Àkúrẹ́, yàrá kan ṣoṣo ni mò ń gbé, ọjọ́ Jímọ̀ kọ̀ọ̀kan ni mo sì ń wọkọ̀ lọ sí Oǹdó bí àwọn onímọ́tò bá rí epo rà. Màmá mi ti kú, bàbá mi nìkan ló kù nínú ilé rẹ̀. Ilé kejì ni àbúrò rẹ̀ yìí ń gbé. Dókítà ti là á mọ́lẹ̀ pé tí kò bá lè dá wẹ̀, kó sì dá ṣòkòtò rẹ̀ wọ̀ kí òjò ọdún náà tó dáwọ́ dúró, kò gbọ́dọ̀ dá gbé mọ́, ọ̀dọ̀ mi ni kó máa bọ̀. Bàbá mi wò mí tòkètilẹ̀. Ó ní, "Òkú mi lo máa gbé lọ sí Àkúrẹ́." Mo mọ̀ pé kì í ṣe ẹnu lásán.

Ohun tó kọ́kọ́ ń mú orí mi gbóná ni ọpẹ́ táwọn èèyàn ń dá. Bí wọ́n bá ti wọlé kí i, látorí káàtikíìsì dórí àwọn ọmọ iléèwé rẹ̀ àtijọ́ tí irun wọn ti funfun, ọ̀rọ̀ kan náà ni: "Ẹ dúpẹ́, Ọ̀gá. Ọwọ́ òsì ni, kì í ṣe ọ̀tún." Òun náà á ṣe àmín. Ó ń fi ọ̀tún jẹun, ó ń fi ọ̀tún bọ èèyàn lọ́wọ́, kí ló tún kù? Kò sẹ́ni tó bi í pé ọwọ́ wo ló máa di ṣòkòtò mú nígbà tí ọ̀tún bá ń wá okùn.

Obìnrin kan wà ní ọsibítù ní Àkúrẹ́, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti kọ́ ẹsẹ̀ àti ọwọ́ tó ti kú bí wọ́n ṣe máa jí. Fìsíò là ń pè é. Èèyàn kúkurú ni, ẹnu rẹ̀ sì mú. Ẹ̀rọ tó wà níbẹ̀ ti bàjẹ́ tipẹ́, nítorí náà ẹ̀wà, tówẹ̀lì àti ife ló fi ń ṣiṣẹ́. Ó ní ọwọ́ tí a kò bá lò, ọpọlọ á gbàgbé pé òun ní in. Ó ní kí n máa so ọwọ́ ọ̀tún bàbá mi mọ́ ara àga fún wákàtí bíi mélòó kan lóòjọ́, kí òsì máa ṣa ẹ̀wà lẹ́yọ lẹ́yọ, kó máa fún tówẹ̀lì, kó máa gbé ife, kí á sì máa fi díẹ̀ kún un lójoojúmọ́. Ó wá na ìka sí mi: "Ẹ má bá a ṣe é o. Ẹni tó bá ń bá a ṣe é ló ń pa ọwọ́ yẹn."

Ó rọrùn lẹ́nu fìsíò. Kò mọ ẹni tó rán mi sí. Ọ̀gá iléèwé ni bàbá mi kó tó fẹ̀yìn tì, kò sì sí ọmọ tó ń lo ọwọ́ òsì tó kọjá lábẹ́ rẹ̀ tí pàṣán rẹ̀ kò kàn. Èmi fúnra mi, òsì ni mo fi wáyé. Òun ló kọ́ mi ní kíláàsì kejì, ó sì fi okùn so ọwọ́ náà mọ́ mi lẹ́yìn fún odindi táàmù kan, níṣojú àwọn ẹgbẹ́ mi. "A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni," ohun tó ń sọ nìyẹn bó ṣe ń ta á ní kókó. Ẹ wá wo èmi náà pẹ̀lú síkáàfù lọ́wọ́, tí mò ń so ọ̀tún rẹ̀.

Bí mo bá dé lọ́jọ́ Jímọ̀, orí ìṣó ni mo máa ń bá síkáàfù tí mo fi sílẹ̀ fún àbúrò rẹ̀ láti máa fi so ó, tí wọ́n ti ká a dáadáa. Nígbà kan mo bi wọ́n léèrè ẹ̀wà tí mo rà fún ọwọ́, ni àbúrò bàbá mi bá na abọ́ sí mi. Wọ́n ti sè é. "Ọmọ mi, ẹ̀wà á wà nílẹ̀ nírú àsìkò yìí, ká máa fi ṣeré?" Ebi ń pa mí, mo jẹ ẹ́. Lọ́jọ́ mìíràn, mo wà ní ẹ̀yìnkùlé nígbà tí ọmọ iléèwé rẹ̀ àtijọ́ kan wọlé, tó pariwo pé, "Ta ló de Ọ̀gá wa mọ́lẹ̀?" Kí n tó sáré dé, ó ti tú u. Bàbá mi ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Òjò ń lọ sópin, ọwọ́ náà kò tíì gòkè kọjá ìdodo.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, mo ti so ọ̀tún rẹ̀ nígbà tó ní òun fẹ́ mu omi. Mo gbé ife sí ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀. Kò tilẹ̀ wò ó. Ojú àbúrò rẹ̀ ló ń wò, ìyẹn sì ti dìde láti gbé e sí i lẹ́nu. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó!" Mi ò jágbe mọ́ wọn rí láyé mi. Gbogbo nǹkan ti sú mi: ọkọ̀, epo, àdín, ọpẹ́. Mi ò rò ó tẹ́lẹ̀ rárá. Mo kúnlẹ̀ síwájú bàbá mi, mo fi ọwọ́ òsì gbé ife náà, mo sì nà án sí i.

Ó wo ọwọ́ náà, ó wo ojú mi. "Èmi? Èmi lò ń fi òsì gbé omi fún?" Ó fẹ́ fọ́ mi létí. Àmọ́ ọ̀tún wà nídè. Òsì ló wá. Ó kúrò lórí itan, ó kọjá ìdodo, ó kọjá àyà, ó dé èjìká, àwọn ìka sì ń là díẹ̀díẹ̀. Ó nù mí létí fẹ́ẹ́rẹ́, ó sì já bọ́. Omi ti dà sílẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ké "Jésù!" Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń wo ọwọ́ náà.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, omijé sì ń bọ́ lójú mi. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bu omi mìíràn wá." Mo bù ú, ẹ̀rù sì mú kí n fi ọ̀tún gbé e. Ó mi orí.

"Ọwọ́ tó o fi gbé e lẹ́ẹ̀kan."

Mo fi òsì gbé e fún un, ó fi òsì gbà á. Ó gbọ̀n, ó da ìdajì sí àyà, ó mu ìyókù.

Nígbà tí mo ròyìn fún fìsíò, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú. Ó ní ọwọ́ kì í jí nítorí ẹ̀wà tí ọlọ́wọ́ náà kò kà kún nǹkan kan. Ohun tó bá fẹ́ ṣe látọkàn wá ló ń gbé e. Mo ti fi ọ̀pọ̀ oṣù bínú sí bàbá mi kí n tó gbọ́ ìyẹn. Kí òjò tó dáwọ́ dúró, ó ń dá wẹ̀, ó sì ń dá ṣòkòtò rẹ̀ wọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé okùn rẹ̀ máa ń wọ́. Kò wá sí Àkúrẹ́. Inú ilé rẹ̀ ló wà títí ọlọ́jọ́ fi dé, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Bí àlejò bá sì wọlé, á fi òsì pa mọ́ sábẹ́ agbádá, á máa ṣe àmín sí ọpẹ́ wọn bí ẹni pé a kò jọ rí nǹkan kan.

Kò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi rí nípa okùn kíláàsì kejì. Mo ti gbìyànjú láti tún fi òsì kọ̀wé, kò gbà mọ́, ó sì dùn mí. Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà tó so ọwọ́ yìí mọ́ mi lẹ́yìn. Mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún kó tó ní kí n fi í gbé omi wá fún òun. Mo gba ìyẹn gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bẹ̀, nítorí kò sí òmíràn tí mo rí gbà.