Ẹ̀kọ́ Ilé Tí Mo Fi Kọ́ Díìsìkì

Ìwọ tó ń kàwé yìí, ṣé o ti fi ọmọlúàbí ba iṣẹ́ ẹlòmíì jẹ́ rí? Èmi ti ṣe é, mo tún fi yangàn.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde sẹ́kọ́ńdírì nígbà náà. Oṣù mẹ́ta péré nílé kọ̀ǹpútà yunifásítì ní Zaria, orí mi ti wú. Ọ̀gá wa, tíṣà kan tó jẹ́ ará Ìlọrin, ní kí n tún apá ètò ẹ̀rọ tó ń to àwọn iṣẹ́ ní láìnì de díìsìkì kọ. Díìsìkì kan ṣoṣo, awo tí ẹ̀rọ ń kó nǹkan pamọ́ sí, la ní, gbogbo ayé ló fẹ́ lò ó. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan á di àdírẹ́sì ẹni ẹ̀yìn rẹ̀ mú, bí ẹni na ọwọ́ sẹ́yìn di ọmọ mú. Mo kọ ọ́, ó ṣiṣẹ́. Bí mo ṣe ń rìn ládùúgbò Kwangila, ẹ ó rò pé èmi ni mo dá iná mànàmáná sílẹ̀.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, àǹtí kan láti Kàbà, tó ń ṣe másítáàsì, wọlé láàárọ̀. Kò gbọ́dọ̀ kọjá aago méjì ọjọ́ náà kó tó fi ìwé àṣejáde rẹ̀ sílẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ó di ọdún tó ń bọ̀. Láti Wẹ́sidé niṣẹ́ rẹ̀ ti wà nínú ẹ̀rọ, kò jáde.

Àwọn tíṣà pé lé e lórí. Ọ̀kan ní eruku ọyẹ́ ni. Èkejì, tí kò mọ ibi tí wọ́n ti ń tan ẹ̀rọ ọ̀hún, ní ooru ni. Ọ̀gá ní káàdì tí wọ́n lu ihò iṣẹ́ rẹ̀ sí, tí ẹ̀rọ ń kà, ló tẹ̀.

"Haba, sà," àǹtí ní. "Tó bá tẹ̀, ṣé ẹ̀rọ á gbé e mì ni?"

Òun nìkan ló ní ọpọlọ níbẹ̀. Èmi ń mi orí sí gbogbo rẹ̀: eruku, bẹ́ẹ̀ ni, ooru, bẹ́ẹ̀ ni.

Nígbà tí wọ́n lọ mu tíì, mo ní kí ẹ̀rọ tẹ gbogbo láìnì náà síwèé. Mo fi pẹ́ńsùlù tọ̀ ọ́ láti orí dé ìrù. Iṣẹ́ àǹtí ló kẹ́yìn. Lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú mo tún tẹ̀ ẹ́. Àwọn tó wà níwájú ti jáde, àwọn mìíì ti gba àyè wọn. Àǹtí ṣì wà nídìí. Kò sọnù. Wọ́n kàn ń gba iwájú rẹ̀ wọlé ni.

Ta ló ní kí wọ́n máa gbà á? Èmi ọlọ́gbọ́n orí. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé tó bá ti jẹ́ iṣẹ́ tíṣà, kó bọ́ síwájú pátápátá. Ìyá mi ní mi ò gbọ́dọ̀ jókòó kí àgbà wà lórí ìdúró, èmi náà lọ kọ́ díìsìkì. Àwọn àgbà yẹn ò sì yé kó iṣẹ́ sẹ́rọ: ẹ̀dà lẹ́tà, orúkọ àwọn tó máa wá sípàdé, ìsọkúsọ.

"Ìwọ lo kọ ọ́?" àǹtí bi mí nígbà tí mo ṣàlàyé fún un.

"Èmi ni, mà."

"Kai! O kú ẹ̀kọ́ ilé. Ó yá, yọ ọ́ kúrò kí n tó yọ ẹ́ létí."

Mo yọ ọ́. Ẹni tó bá dé, ẹ̀yìn ni, baba rẹ̀ ì báà jẹ́ ẹmíà. Mo tún ẹ̀rọ tàn, a kó káàdì àǹtí sí i. Aago kan kọjá díẹ̀, ìwé ń jáde, kẹ̀kẹ̀kẹ̀kẹ̀, àǹtí ń ya ojú ìwé kan kúrò lára èkejì.

Ọ̀gá wọlé. "Lẹ́tà mi dà?"

"Ó wà lẹ́yìn àǹtí, sà."

"Lẹ́yìn ta ni?"

"Sà, láìnì yẹn ni mo—"

"Ìwọ!" Àǹtí ti dé ẹnu ọ̀nà, ìwé kún apá rẹ̀. "Wá gbé ìyókù, ká máa lọ kí aago méjì tó lù!"