Fíìmù Tí Ó Ń Wá Ọ̀dàlẹ̀ Kiri

Nígbà tí ọkùnrin oní-fíìmù náà kọ́kọ́ yọ sí mi ní ṣọ́ọ̀bù, mo rò pé ó fẹ́ ránṣọ ni. Yúnífọ́ọ̀mù ilé ìwé ni mò ń rán ní Egbeda, nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé oògùn. Àwọn òbí tó ń wá sọ́dọ̀ mi, ọmọ ni wọ́n máa ń fà lọ́wọ́. Òun kò fa ọmọ lọ́wọ́, kò sì mú aṣọ dání. Ìwé àkọsílẹ̀ kan ló gbá mọ́ àyà, ojú rẹ̀ sì ń lọ sí ẹsẹ̀ mi méjèèjì lórí maṣíìnì bí ẹni tó ti gbọ́ ìròyìn wọn tẹ́lẹ̀.

Ó kí mi dáadáa, ó ní òun ń ṣe fíìmù kan nípa àwọn ọmọbìnrin mẹ́rin tó sáré láti ilé ìwé wa ní Ikotun títí dé ìparí ìdíje gbogbo ìpínlẹ̀. Ó ní òun ti ń wá wa láti ọjọ́ pípẹ́. Inú mi kò dùn. Ta ló rán an? Ó ti lé lógún ọdún tí ẹnikẹ́ni ti bi mí nípa eré yẹn kẹ́yìn, mo sì ti ń rò pé ọ̀rọ̀ náà ti kú.

Kí n tó máa bá a lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ bí eré náà ṣe rí. Eré agbọ́pàá ni, èyí tí àwọn kan ń pè ní riléè: ẹni mẹ́rin ni, ẹni àkọ́kọ́ á gbé ọ̀pá kékeré kan sáré, á fi lé ẹnì kejì lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ títí dé orí ẹnì kẹrin. Ilé ìwé wa kò ní pápá gidi. Tíṣà wa, obìnrin kan tí kì í gbé fèrè kúrò lọ́rùn, ló máa ń fi eérú fa ìlà sórí yanrìn lẹ́yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ibẹ̀ la sì ti kọ́ ọ. Èmi ni ẹnì kẹrin. Lọ́jọ́ ìparí ìdíje, àwa la wà níwájú. Bí ẹnì kẹta ṣe fẹ́ fi ọ̀pá lé mi lọ́wọ́ báyìí, ọ̀pá já bọ́. Nígbà tí mo fi padà lọ ṣà á, gbogbo wọn ti kọjá. Àwa la gbẹ̀yìn.

Láti ọjọ́ yẹn ni èmi àti ẹnì kẹta, tó jẹ́ ọ̀rẹ́ mi tẹ́lẹ̀, kò ti bá ara wa sọ̀rọ̀ mọ́. Mo gbọ́ pé ó ti di nọ́ọ̀sì ní Igando. Ẹni tó bá bi mí, ohun kan náà ni mo máa ń sọ: òun ni kò gbé e fún mi dáadáa.

Ọkùnrin náà bẹ̀ mí kí n jẹ́ kí òun lo ṣọ́ọ̀kì tí mo fi ń sàmì sáṣọ. Ó fi fa ìlà kan sórí tábìlì tí mo fi ń géṣọ. Ìlà náà bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, ó gòkè díẹ̀, ó já sínú kòtò, ó sì tún gòkè ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó ní fíìmù eré ìdárayá tó ń fún èèyàn nígboyà, ọ̀nà kan ṣoṣo yìí ni gbogbo wọn ń tọ̀. Níbí ni ọmọ tálákà wà. Níbí ni olùkọ́ ti rí i. Níbí ni wọ́n ti ń kọ́ eré, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Inú kòtò yìí ni gbogbo nǹkan ti bàjẹ́. Òkè tó kẹ́yìn yìí sì ni eré àṣekágbá, tí wọ́n á ti borí.

Mo ní, "A ò borí."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ìyẹn ò le, mà. A máa tún un ṣe."

Ó wá ṣàlàyé pé kòtò náà ló le jù láti gbẹ́. Ó ní nǹkan méjì ló máa ń wà nínú ẹ̀: ẹnì kan á dalẹ̀, ẹnì kan á sì kú. Lójú ẹsẹ̀ ló bi mí bóyá ara tíṣà wa ṣì le. Mo ní ó ń gbé ní Òkè-Odò, ara rẹ̀ le kókó, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn lọ sọ́jà. Ó kọ ọ́ sínú ìwé. N kò fẹ́ràn bó ṣe kọ ọ́, ó rọra kọ ọ́ jù.

Nígbà tó fẹ́ máa lọ, ó ní òun ti dé Igando, òun sì ti rí nọ́ọ̀sì. Mo bi í pé kí ló sọ. Ó ní, "Ó sọ ohun púpọ̀, mà." Ó pa ìwé rẹ̀ dé.

Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lára mi. Mo gé apá aṣọ ọmọ kan ní òdì lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ yẹn. Ọkùnrin náà ń pè mí lórí fóònù, ìbéèrè kan náà ló sì ń bi mí, ó kàn ń yí ẹnu rẹ̀ padà ni. Lónìí, á ní ṣé èmi àti nọ́ọ̀sì ti jà kí ọjọ́ eré tó pé. Lọ́la, á ní ṣé kì í jowú mi ṣá, nítorí pé èmi ni tíṣà fi síkẹyìn. Mo ṣàkíyèsí pé kì í bi mí ní ohunkóhun nípa ohun tí èmi fúnra mi ṣe lọ́jọ́ náà. Mo ní ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ ni. Ẹni tó mọ ibi tí ìkòkò wà, kì í bi onílé.

Nítorí pé nǹkan kan wà níbẹ̀. Tíṣà ti fi eérú sàmì sílẹ̀ lẹ́yìn ibi tí mo dúró sí. Ẹsẹ̀ ẹnì kẹta gbọ́dọ̀ kan àmì yẹn kí n tó gbéra, kí àwa méjèèjì lè jọ wà lórí eré nígbà tí ọ̀pá bá ń ti ọwọ́ bọ́ sọ́wọ́. Lọ́jọ́ náà, bí mo ṣe ń wo ẹ̀yìn, mo rí bàbá mi lẹ́bàá ògiri pápá. Bàbá mi ti búra pé òun kò ní wá wo ọmọbìnrin òun nínú ṣòkòtò péńpé láàárín èrò. Ó wá. Mo rí fìlà rẹ̀. Ẹsẹ̀ mi gbéra kí ọ̀rẹ́ mi tó dé ibi àmì. Nígbà tí mo fi na ọwọ́ sẹ́yìn, ó ti jìnnà sí mi. Ó na ọ̀pá náà títí apá rẹ̀ fi tán. Kó tó kanlẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé èmi ni. Nígbà tí tíṣà sáré dé ọ̀dọ̀ wa, èmi ni mo kọ́kọ́ lanu, mo sì ní kò gbé e fún mi dáadáa. Ọ̀rẹ́ mi kàn wò mí. Kò sọ ohunkóhun.

Dídákẹ́ rẹ̀ yẹn ni mo ti ń bẹ̀rù láti ìgbà náà. Mo rò pé ó ń tọ́jú ọ̀rọ̀ náà dọjọ́ tó máa wúlò fún un ni. Ní báyìí, ẹni tó ní ìwé àti kámẹ́rà ti wá bá a nílé.

Ní àárọ̀ Sátidé kan, mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Igando. Mo béèrè rẹ̀ ní ilé ìwòsàn aládàáni tó ti ń ṣiṣẹ́. Ó jáde wá, ó ń nu ọwọ́. Ó ti sanra díẹ̀, ṣùgbọ́n ojú yẹn náà ni. Ó dúró nígbà tó rí mi.

"Ta ló kú?"

Mo ní kò sẹ́ni tó kú. Ó mú mi lọ síbi bẹ́ǹṣì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì omi. A jókòó. N kò bi í nípa ọkọ tàbí ọmọ, mo kàn bi í pé kí ló sọ fún ọkùnrin oní-fíìmù. Ó wò mí tìyanu-tìyanu. Ó ní ọkùnrin náà ló sọ fún òun pé èmi ti sọ ohun púpọ̀. Ní tirẹ̀, ìtàn bàtà eré kan ṣoṣo tí àwa mẹ́rin ń wọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan ló sọ, àti ti gààrí tí tíṣà máa ń pò fún wa lẹ́yìn eré. Ó ní nígbà tí ọkùnrin náà kò rí nǹkan míì gbọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè bóyá èmi ni mo máa ń fojú di òun.

Ara tù mí, ojú sì tì mí. Ó wá sọ pé, "Mi ò sọ fún un pé o tètè gbéra."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe sọ ọ́, bí ẹni tó ń ka orúkọ oògùn. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ ọ́ lọ́jọ́ náà.

"Mo fẹ́ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ ti wọ pápá, ó ń fi fìlà ẹ̀ nu ojú rẹ. Mo ní kí n jẹ́ kó nù ún tán ná. Nígbà tó fi nù ún tán, gbogbo èèyàn ti gbà pé èmi ni."

Mo ṣì ń wo ojú rẹ̀, mò ń wá ibi tó fi ọ̀bẹ sí. Bí mo ṣe rí nìyẹn. N kò gbà pé èèyàn lè dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lásán. Ó ní kí n má rò pé kò dun òun. Tíṣà yọ ọ́ kúrò nínú ẹgbẹ́ lẹ́yìn ìdíje yẹn, kò sì sáré mọ́ láyé rẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo tó kúnlẹ̀ sórí kọnkéré, mo bẹ̀ ẹ́. Kò sọ pé òun ti dárí jì mí. Ó ní, "Mo ti gbọ́. Dìde, àwọn aláìsàn ń wò wá."

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, a jọ lọ sí Òkè-Odò lọ bá tíṣà. Èmi ni mo sọ ọ́, mo sọ gbogbo rẹ̀, mo sọ ti fìlà bàbá mi náà. Ìyá àgbà náà ní ọ̀gangan ibi tí eré parí sí ni òun dúró sí, òun kò rí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni, ẹnu mi nìkan lòun gbọ́. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí ọ̀rẹ́ mi.

"Èmi ni mo yọ ọ́. Mi ò tiẹ̀ bi ọ́ léèrè. Ọmọ mi, má bínú."

Ọ̀rẹ́ mi, tí kò sunkún lọ́jọ́ eré, tí kò sunkún ní Igando, bú sẹ́kún. Èmi kò mọ ibi tí mo lè kọjú sí.

Mo fúnra mi pe ọkùnrin oní-fíìmù. Mo ní kó wá gbọ́ ohun tó ń wá. Ó jókòó sí ṣọ́ọ̀bù, mo sì sọ ọ́ fún un bó ṣe rí. N kò retí ohun tó ṣe. Kò kọ ọ́ sílẹ̀. Ó fi bírò gbá orúnkún rẹ̀ pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́, ó wá ní, "Mà, ẹ̀yin ni wọ́n máa fẹ́ràn nínú fíìmù yìí. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin náà lẹ ṣe é, àwọn èèyàn ò ní mọ ẹni tí wọ́n máa pàtẹ́wọ́ fún."

Mo ní bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Ó ní òun á rò ó. Mo mọ̀ pé kò ní rò ó.

Nígbà tí fíìmù jáde, wọ́n kọ́kọ́ fi hàn nínú gbọ̀ngàn kan ní Ikotun, wọ́n sì pè wá. A fi tíṣà sáàárín. Ọmọbìnrin tó ṣe èmi rẹwà jù mí lọ. Ọ̀dàlẹ̀ tí wọ́n rí ni ọmọ ilé ìwé mìíràn kan, tó yọ́ lọ fi ìpara ra ọ̀pá wa. Kò sí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí. Kò pẹ́, obìnrin tó ṣe tíṣà wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, mo sì mọ̀ pé wọ́n máa pa á. Ó kú lóòótọ́, ó ku ọjọ́ méjì kí eré bẹ̀rẹ̀. Gbogbo gbọ̀ngàn ń fa imú. Tíṣà wa jókòó, ó ń wo bí wọ́n ṣe ń sin òun.

Ó fi ìgúnpá gbún mi. "Àrùn wo ló pa mí?"

Mo ní wọn ò sọ. Ó ní ó yẹ kí wọ́n sọ.

Ọmọ tó ṣe ẹnì kẹta wá gba ọ̀pá, ó sáré, ó sì fi lé ọmọ tó ṣe èmi lọ́wọ́, ọ̀pá kò já. A borí. Gbogbo èèyàn dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ojú ọ̀rẹ́ mi ni mò ń wò, mo fẹ́ mọ̀ bóyá inú ń bí i. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ọmọ yẹn mọ eré sá," ló wí. Ọmọ tó ṣe òun ló ń sọ.

Ọkùnrin náà wá dọ̀bálẹ̀ fún tíṣà, ó béèrè bí fíìmù ṣe rí. Tíṣà ní ìsìnkú náà dára, ṣùgbọ́n òun kò dé wíìgì rí láyé òun. Ọkùnrin náà ṣí ìwé rẹ̀, ó ń kọ nǹkan. N kò mọ ohun tó ń kọ.

Lẹ́yìn tí a fi tíṣà sínú ọkọ̀ Òkè-Odò, àwa méjèèjì dúró sábẹ́ òrùlé ṣọ́ọ̀bù kan, òjò ń ṣẹ́. Ó bi mí bóyá mo ṣì máa ń sáré. Mo wò ó lójú kí n tó dáhùn, mo wá inú ọ̀rọ̀ náà títí, n kò rí nǹkan kan níbẹ̀ ju ìbéèrè lọ. Mo ní rárá, orúnkún ni. Ó ní ti òun náà ń dun òun, pàápàá ti òsì. Ó ní kí n máa fi omi gbígbóná jó o láàárọ̀, kí n má sì máa fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo wa maṣíìnì.

Kẹ̀kẹ́ Igando ló kọ́kọ́ dé.