Ohun tí Màámi Fi Èédú Kọ sára Ilẹ̀kùn

Wọ́n ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Tiwa kò ní àgbọ́tẹ́lẹ̀. Ọmọ ọdún méjìlá ni mí ní ọ̀sán ọjọ́ tí ogun abẹ́lé dé abúlé wa lójú ọ̀nà Bìní. Mo gbé oúnjẹ lọ fún Bàámi níbi tí wọ́n ti ń la pákó. Ìró kan dún gbòà, a kọ́kọ́ rò pé igi ńlá kan ló wó. Nígbà tí ìró kejì dún, olúkúlùkù ju iṣẹ́ sílẹ̀, èmi àti Bàámi sì gba inú igbó sá lọ sílé.

Màámi kò sí nílé. Wọ́n ti fi èédú kọ̀wé sára ilẹ̀kùn: MO TI LO WO OKO. E TETE MAA BO. Ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ni wọ́n ti kọ́ ìwé díẹ̀ tí wọ́n mọ̀. Ta ni yóò kọ́ wọn ní àmì ohùn?

"Ìyá rẹ ti lọ wo oko," ni Bàámi wí.

"Bàámi, ṣé kì í ṣe ọkọ̀ ni wọ́n lọ wọ̀?"

"Ọkọ̀ wo? Ṣé ó lè wọkọ̀ kó fi wá sílẹ̀ ni? Jẹ́ ká lọ, jàre!"

A kò bá Màámi lóko, ìbọn kò sì jẹ́ ká padà; ọjọ́ mẹ́fà la fi wà níbẹ̀. A kò dáná, kí èéfín má baà tú wa fó. Ìbẹ́pẹ tí kò tíì pọ́n là ń jẹ. Bí ìbọn bá ti dún, Bàámi á fi ara bò mí mọ́lẹ̀, wọn á sì máa pe orúkọ Màámi wúyẹ́wúyẹ́.

Nígbà tí a padà délé, aládùúgbò wa kan sọ fún wa pé lọ́rì tó ń kó pákó ló kó àwọn obìnrin lọ sí Oǹdó. Màámi bẹ awakọ̀ pé kó dúró dè wá. Ó dúró títí ìbọn fi sún mọ́ tòsí. Lọ́rì náà kò dé Oǹdó. A wá Màámi, a wá wọn títí. A kò rí wọn di òní.

Ọdún gorí ọdún, a ti di ará Ìbàdàn. Bàámi ń gbé ní Agbowó, èmi sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá ní Bódìjà. Àǹtí Àmì Ohùn ni wọ́n ń pè mí lẹ́yìn. Wọ́n rò pé n kò mọ̀. Lọ́jọ́ kan, ọ̀kan nínú wọn tí kò fi àmì sórí iṣẹ́ rẹ̀ ní, "Mà, ṣebí ẹni tó bá kà á á mọ̀ fúnra ẹ̀?" Ṣọ́ọ̀kì bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo sọ ìtàn ilẹ̀kùn náà fún wọn. Ọmọ yẹn kò béèrè ọ̀rọ̀ ìbọn rárá. Ó ní, "Mà, irú èèyàn wo ni ìyá yín?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sílẹ̀: bí Màámi ṣe máa ń kọrin ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n á ṣi ọ̀rọ̀ rẹ̀ kọ, bí ata ọbẹ̀ wọn ṣe máa ń ta Bàámi lẹ́nu tí Bàámi á tún béèrè sí i. Àárò wọn sọ mí bí ẹni pé àná ni wọ́n lọ.

Mo gbé ìwé náà lọ sí Agbowó, mo kà á fún Bàámi. Nígbà tí mo dé ibi ilẹ̀kùn, mo sáré kà á kọjá. Bàámi gbọ́wọ́ sókè.

"Ibi tí o ti bi mí bóyá ọkọ̀ ni, ṣé o kọ ọ́?"

"Rárá, sà."

"Kọ ọ́. Ìwọ lo kà á bó ṣe yẹ. Èmi ni mo ṣì í kà."

Mo mú bírò, mo kọ ọ́ sí etí ìwé náà. Bàámi ń wo ọwọ́ mi títí mo fi kọ ọ́ tán.

"Ohun kan tún wà tí o kò mọ̀. Ìyá rẹ máa ń hanrun. Mo máa ń bá a jà sí i. Fi ìyẹn náà sí i. Láti ọjọ́ tó ti lọ, bí ilé bá ti dákẹ́ báyìí, oorun kì í kùn mí."