Jagunjagun Tí Kò Gbé Ìbọn

Kí n tó la ẹnu sọ ohunkóhun, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa tó dá mi sí títí irun mi fi funfun. Ọ̀pọ̀ àwọn tí a jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì ilé ìwé ìjọ ti lọ sinmi. Èmi ṣì wà, mo ń sọ̀rọ̀.

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Gbégamey, àdúgbò kan ní Kútọnu, ilé ìwé kọ̀ọ̀kan ní akọni ayé àtijọ́ kan tó fi ń ṣe àmì. Bí a bá fẹ́ bá ilé ìwé mìíràn gbá bọ́ọ̀lù, ọmọ kan yóò múra bí akọni náà, yóò sì jó ṣáájú àwọn agbábọ́ọ̀lù wọ pápá. Tiwa ni obìnrin jagunjagun ilẹ̀ Dàhòmì: ṣòkòtò péńpé, fìlà funfun, ìbọn onígi léjìká. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, èmi ni Màdáàmù, olùkọ́ wa, mú, nítorí mo ga, ohùn mi sì ń dún. Ẹ̀yin ọmọ mi, ayọ̀ kò jẹ́ kí n jẹun!

Nígbà tí eré bọ́ọ̀lù náà ku ọ̀la, mo wọ aṣọ náà, mo jó dé iwájú ìyá àgbà mi, tó wá kí wa láti Kétu. Ẹ̀wà ló ń ṣà. Ó wò mí, atẹ ẹ̀wà sì bọ́ lórí itan rẹ̀.

"Bọ́ ọ! Bọ́ ọ kíá! Àwọn tó múra báyìí wà nínú ogun tó fọ́ Kétu. Wọ́n de ìyá mi lókùn lọ, kò tíì tó ìwọ yìí!"

Ẹnikẹ́ni kò sọ ọ́ fún mi rí. Ó ní ìyá òun padà sílé nígbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n àbúrò ìyá náà tí wọ́n jọ kó lọ kò padà mọ́. Mo sunkún. Mo fẹ́ jó, n kò sì fẹ́ ba ìyá àgbà mi nínú jẹ́.

Ní àárọ̀, ó mú mi lọ sí ilé ìwé láti dá aṣọ padà. Ọmọ Fọ̀n, àwọn tó ni Dàhòmì, ni Màdáàmù, ṣùgbọ́n ó gbọ́ Nàgó, Yorùbá tiwa, dáadáa. Nígbà tó gbọ́ ohun tó mú wa wá, ó kúnlẹ̀.

"Ìyá, ẹ má bínú. Ìyá ìyá mi wà lára wọn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ Nàgó ni òun náà. Wọ́n kó o ní kékeré, wọ́n sì kọ́ ọ ní ìbọn. Títí tó fi kú, bí nǹkan bá dùn ún, Nàgó ló fi ń ké."

"Báwo ló ṣe ń ké?"

"'Yéè, ìyá mi o!'"

Ìyá àgbà ní kí n wọ aṣọ náà padà. Ó tú ọ̀já rẹ̀, ó fi gbà mí nídìí, ó sì gba ìbọn lọ́wọ́ mi.

"Lọ jó. Ṣùgbọ́n ìbọn yìí, ọ̀dọ̀ mi ni yóò wà. O kò lọ kó ọmọ ẹnikẹ́ni."

Ní pápá, àwọn ọmọ ilé ìwé kejì fi mí ṣẹ̀sín. "Jagunjagun ọwọ́ òfo! Ìbọn ẹ dà?"

Ìyá àgbà, tó bá wa wá, gbé e sókè lábẹ́ igi. "Òun rèé! Ẹ wá gbà á!"

Gbogbo pápá bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n nà wá ní góòlù mẹ́ta sí òdo lọ́jọ́ náà, síbẹ̀ orin ni a kọ délé.

Lónìí, ère ńlá obìnrin jagunjagun dúró ní Kútọnu, àwọn ọmọ ọmọ mi sì ń ya fọ́tò lábẹ́ rẹ̀. N kì í bá wọn jà, ó rẹwà. Nígbà tiwa, àgbà la máa ń bi kí a tó mọ̀. Ní báyìí, fóònù ti sọ ìtàn akọni fún wọn kí n tó la ẹnu, ṣùgbọ́n kò sọ ti àbúrò tí kò padà. Ìyẹn ni mo fi ń dá wọn dúró díẹ̀.

Ìwọ tó ka èyí, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a wá ọmọ tì nílé rẹ. Ẹni rẹ tó bá jìnnà, kí ó máa rántí ohùn ìyá rẹ̀, kí ó sì padà wálé. Àmín.