Apá Tí Kò Ní Àjà

Gbogbo ọ̀sán Sunday, bí tọkọtaya tó háyà apá kejì ilé mi ní Santasi, nílẹ̀ Asante níbí, bá ti ń gún fùfú, ògiri tó wà láàárín wa a máa mì tìtì. Àwọn ọmọ mi a ní kí n lọ bá wọn sọ̀rọ̀. Èmi a kàn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin ọmọ òde òní ò mọ bí ògiri yẹn ṣe débẹ̀.

Lẹ́yìn ikú bàbá wa, yàrá kan ṣoṣo ni ìyá wa, èmi àti àwọn àbúrò mi méjì ń gbé ní Moshie Zongo. Abọ́ tánńganran ni ìyá wa ń tà lọ́jà Race Course. Díẹ̀díẹ̀ ló ń ra búlọ́ọ̀kù, títí ó fi kọ́ ilé olójúlé méjì sórí ilẹ̀ tí bàbá fi sílẹ̀ ní Santasi. Nígbà tí agbára pin, apá kan ti parí, ó ní àjà, ó ní gíláàsì lójú fèrèsé. Èkejì kàn ní páànù lórí ni, àpò sìmẹ́ǹtì la fi dí fèrèsé rẹ̀. Àwa ọmọ ti ń jà sí yàrá nínú èyí tó dára, àfi bí ìyá wa ṣe fi háyà fún agbẹ̀bí kan, Maame Akosua, ọmọ Asante. Àwa kó sí èyí tí kò ní àjà.

Mo sunkún. Ìyá mi ní, "Ẹni tó sanwó ló ni àjà. Àwa la ni ilé."

Kò pẹ́, oníṣòwò kan dé, ó fẹ́ máa kó ẹrù sí apá Maame Akosua. Ó ní òun á san ìlọ́po méjì, òun á sì kan àjà tiwa. Inú mi dùn dẹ́yìn. Ìyá mi fún un lómi mu, ó ní, "Mo ti ṣèlérí fún obìnrin yẹn pé ibẹ̀ ni yóò máa gbé. Ẹ má bínú." Odidi ọjọ́ méjì ni mo fi fajú ro.

Lóṣù tó tẹ̀ lé e, ìjì jà lọ́sàn-án, ó ṣí páànù wa bí ẹni ṣí ìkòkò. Ká tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, Maame Akosua ti dé ẹnu ọ̀nà, aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ rin gbingbin, ó ń pariwo pé, "Mommra! Mommra!" kí gbogbo wa máa bọ̀. Ó pọn àbúrò mi kékeré, ó kó wa wọlé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni onílé fi ṣe àlejò ayálégbé rẹ̀! Nígbà tí ìyá mi fẹ́ dín owó ilé rẹ̀ kù, Maame Akosua kọ̀. Ó fi Twi, èdè wọn, sọ fún un pé, "Mo gbọ́ ohun tí ẹ sọ fún ọkùnrin yẹn. Ògiri yìí ò nípọn." Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, káfíńtà ni wọ́n, ló wá kan òrùlé wa padà, wọ́n sì kan àjà sí i. Ìyá mi dúró láàárín yàrá, ó ń wòkè títí ọrùn fi ń dùn ún.

Santasi ti kún fún ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì báyìí, aládùúgbò ò sì mọ orúkọ ara wọn. Ìyá mi ti dolóògbé. Ayálégbé mẹ́fà ni mo ti gbà, mi ò lé ọ̀kan rí nítorí ẹni tó lówó jù ú lọ. Bí àlejò bá sì bi mí pé ta ló kọ́ ilé yìí, orí mi a wú: obìnrin kan tó mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ ni, èmi sì ni àkọ́bí rẹ̀.